Tí ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ bá ń yọ yín lẹ́nu: bí ẹ ṣe máa fi òfin Nàìjíríà gbèjà ara yín

Ẹni tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu níbi iṣẹ́ kì í ṣàìgbọ́ ìmọ̀ràn méjì yìí: "Mú un mọ́ra, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n," tàbí "Kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Ọlọ́run á pèsè òmíràn." Ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ agbára tí òfin fún òṣìṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ ní Nàìjíríà: ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ yín, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ kò dọ́gba. Agbanisíṣẹ́ lè dá ẹni náà dúró, ó lè lé e, ó sì lè yà yín nípò. Kóòtù òṣìṣẹ́ lè ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún yín. Ọlọ́pàá àti kóòtù ọ̀daràn lè rán an lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dá owó oṣù yín tó lọ padà. Kò sí òfin tó ní kí ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn.

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ìwé ni yóò gbé yín débẹ̀: ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, àti lẹ́tà tí ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Ẹjọ́ tó dára ti bàjẹ́ rí nítorí pé méjèèjì kò sí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ lórí wọn.

1. Ẹ mọ irú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín

Ẹlẹgbẹ́ tí kì í kí yín, tàbí ọ̀gá tó bá yín wí nítorí pé ẹ pẹ́ dé, kò tíì dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tí òfin ń wò ni ìwà tí ẹ kò fẹ́, tó ń bá a lọ (tàbí tó wúwo débi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó), tó sì ń tẹ iyì yín mọ́lẹ̀ tàbí tó ń dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́.

Tó bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, ìlànà National Industrial Court (kóòtù òṣìṣẹ́ tí a sọ lókè) ti 2017 pín in sí ọ̀nà mẹ́rin nínú Order 14, ẹni tó bá sì pẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́. Èkíní ni ti ìfọwọ́kàn, láti orí fífọwọ́ pa ènìyàn lára títí dé ìfipábánilòpọ̀. Èkejì ni ti ẹnu: ọ̀rọ̀ rírùn, ẹ̀fẹ̀ nípa ara ẹni, bíbéèrè ohun tí ẹ ń ṣe lórí ibùsùn, súfèé fífọn sí ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni ti ìṣesí láìsọ̀rọ̀, bíi ṣíṣí ara sílẹ̀ tàbí fífi àwòrán ìhòòhò han ènìyàn. Ẹ̀kẹrin ni "fún mi kí n fún ọ": pé ẹnì kan fẹ́ kí ẹ fi ara yín gba iṣẹ́, ìgbéga, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí àfikún owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀gá nìkan ni ẹ̀kẹrin yìí kàn. Ìlànà náà dárúkọ ẹlẹgbẹ́ lásán pẹ̀lú, tó bá ti lè nípa lórí ohun tí wọ́n máa fún yín.

Tí kò bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń bú yín nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn yín, tó ń fi oyún inú yín ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń halẹ̀ mọ́ yín, tó ń sọ fáìlì lu yín, òun náà bọ́ sínú òfin. Abala 34 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 dáàbò bo iyì ọmọ ènìyàn, abala 42 sì lòdì sí ìyàsọ́tọ̀. Abala 254C fún kóòtù òṣìṣẹ́ láṣẹ lórí ìwà àìtọ́ níbi iṣẹ́, ó sì jẹ́ kó lè lo àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2022.

Fún ẹjọ́ ọ̀daràn, ìpínlẹ̀ tí ẹ wà ló ń pinnu òfin tí ẹ máa lò. Ní Èkó, abala 264 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà ti 2015 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. "Ẹnikẹ́ni" ni òfin náà sọ; ọkùnrin tí obìnrin ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ọkùnrin bíi tirẹ̀ ń yọ lẹ́nu, lè lò ó láìtijú. Ní Abuja, òfin 2015 tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní VAPP, ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìdààmú ọkàn jẹ ẹlòmíràn níyà lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 1 tàbí kó san owó ìtanràn tó tó N200,000. Ẹni tó bá ń tọ ènìyàn lẹ́yìn kiri lè ṣe ọdún 2 tàbí kó san tó N500,000. Ògùn ti sọ VAPP di òfin tirẹ̀ láti 2017. Èkìtì ní òfin tirẹ̀ láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó náà ti ní tiwọn.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ lálẹ́ òní

Ẹ ra ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán pọ̀, kì í ṣe abala ìwé kéékèèké tí ènìyàn lè yọ tàbí fi kún. Bíírò ni kí ẹ fi kọ, kì í ṣe pẹ́ńsù. Tí ẹ bá ṣì kọ, ẹ fa ìlà kan lé e, kí ẹ má ṣe fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tiyín. Ọjọ́ àti àkókò tí ímeèlì náà wọlé yóò fi hàn pé kì í ṣe ìgbà tí ìjà dé ni ẹ jókòó hùn ún. Ẹ má lo ímeèlì ilé iṣẹ́: lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé yín, wọ́n ti tì í pa kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bí àkọsílẹ̀ tó dúró ṣe rí nìyí:

*"Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta 2025, nǹkan bí aago 10:40 àárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àjà kejì. Ọ̀gbẹ́ni K. ti ẹ̀ka àkáǹtì dúró sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ìbàdí mi mú, ó ní: 'You dey form abi? Na me dem go ask before dem confirm you.' Mo yí padà, mo ní kó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Ó rẹ́rìn-ín. Arábìnrin T. tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì wà níbẹ̀, ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́.' Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo padà sídìí iṣẹ́ ní 10:55."*

Ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó lò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà ní èdè tó fi sọ ọ́ gan-an, wọn kò túmọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí àti ohun tí ẹlẹ́rìí sọ wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan yẹn sì ti gbé ẹjọ́ náà kúrò ní ti ìfọwọ́kàn nìkan, ó ti kan ti "fún mi kí n fún ọ", nítorí pé ó fi ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ dẹ́rù bà á. Tó bá jẹ́ pé "K. tún ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó ti sú mi" ni obìnrin yìí kọ, kò sí agbẹjọ́rò tó lè rí nǹkan mú jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Ní ti ẹlẹ́rìí, ẹ má retí pé Arábìnrin T. yóò kọ̀wé ẹ̀rí fún yín. Ẹ̀rù iṣẹ́ tirẹ̀ ń bà á, kò sì jẹ̀bi. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ ṣé tí ẹ dá sí i láàárọ̀ yìí nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni K. dì mí mú." Tó bá dáhùn pé "Má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fagbára mú un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp àti ímeèlì ní ìlànà tiwọn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ní 2023, ní kí ẹni tó bá mú ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde wá mú ìwé ẹ̀rí kan tẹ̀ lé e. Ìwé náà máa sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà, àti bí wọ́n ṣe mú un jáde. Agbẹjọ́rò ló máa kọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ yín ni ohun tó máa kọ wà. Torí náà:

- Nígbà tí ẹ bá ń ya ojú fóònù, ẹ ṣí ibi tí nọ́ńbà ẹni náà wà kó hàn. Orúkọ tí ẹ fi pamọ́ kò tó, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ yòówù pa nọ́ńbà mọ́.
- Ẹ ya gbogbo ìjíròrò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan ibi tí ẹ ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ lè ṣe. Tí ẹ bá gé e, tirẹ̀ máa jáde ní kóòtù, adájọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìyókù.
- Ẹ má ta fóònù náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Tó bá bàjẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.
- Tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, kó jẹ́ ìjíròrò tí ẹ̀yin fúnra yín wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé ẹ̀rọ pamọ́ sínú yàrá tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má sì ṣí fóònù tàbí ímeèlì rẹ̀ wò. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì wá di afurasí.

Tó bá ti ṣe yín léṣe, tàbí tí oorun àti oúnjẹ kò gbà mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ń dé ibẹ̀, wọ́n á ní "orí ń fọ́ mi", wọ́n á gba oògùn, wọ́n á lọ. Fáìlì tó sọ pé orí fífọ́ kò wúlò ní kóòtù. Èyí tó sọ pé ẹlẹgbẹ́ gbá a létí níbi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà ló wúlò.

3. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ kò fẹ́

Àwíjàre tí a máa ń gbọ́ jù ni "eré la ń ṣe" tàbí "ọ̀rẹ́bìnrin mi ni". Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba èyí lẹ́nu wọn: "Ọ̀gbẹ́ni K., mo sọ ọ́ lánàá, mo tún ń sọ ọ́: n kò fẹ́ kí ẹ máa fọwọ́ kàn mí tàbí kí ẹ máa sọ̀rọ̀ nípa ara mi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ máa bá mi sọ." Ẹ má bú u, ẹ má sì gbé e ṣépè.

Kì í ṣe dandan. Tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà yín, tàbí tí ohun tó ṣe bá ti di ìfipábánilòpọ̀, ẹ fo èyí. Kò sí òfin tó ní kí ẹ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí yín.

4. Lẹ́tà sí agbanisíṣẹ́

Agbanisíṣẹ́ tí kò mọ̀ lè bọ́. Agbanisíṣẹ́ tó mọ̀, tó sì káwọ́ lẹ́yìn, ti fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ òfin. Lẹ́tà yín ló ń mú un kúrò ní ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ti ìkejì, òun ló sì fà á tí ọ̀rọ̀ ẹnu fi burú: "Mo ti sọ fún HR (ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́)" kò ní ọjọ́, kò ní òǹtẹ̀, HR náà á sì ní àwọn kò rántí.

Ẹ ka ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kí ẹ kọ ọ́ sí àti iye ọjọ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu gan-an ló yẹ kó gba ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sí ẹni tó ga jù ú lọ. Ilé iṣẹ́ kékeré tí kò ní HR, olówó ilé iṣẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń san owó oṣù yín, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mìíràn, bíi ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ kọ ọ́ sí méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa ti ẹrù náà síra wọn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àmọ́ bí ó ṣe máa tò nìyí:

*"Ẹ̀sùn ìyọlẹ́nu láti ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni K. ti ẹ̀ka àkáǹtì. Láti 3 oṣù Kejì 2025, ó ti fọwọ́ kàn mí tàbí sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sí mi ní ìgbà mẹ́rin tí mo tò sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un ní 12 oṣù Kẹta pé n kò fẹ́, mo sì tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́ ní 13. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣèwádìí. Kí ẹ yà wá nípò láìjẹ́ pé èmi ni yóò pàdánù ipò tàbí owó. Kí ẹ tọ́jú fídíò kámẹ́rà àjà kejì ti 12 oṣù Kẹta, aago 10 sí 11 àárọ̀. Kí ẹ sì dá mi lóhùn ní kíkọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7."*

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ̀rọ kámẹ́rà ń fi fídíò tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́, ibòmíràn kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Tí ẹ bá ti béèrè ní kíkọ, tí wọ́n sì jẹ́ kó pa rẹ́, àwọn ni wọ́n máa ṣàlàyé fún adájọ́.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èkejì fún yín. Tí wọ́n bá kọ̀ láti lù ú, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ akólẹ́tà tó ń fúnni ní rìsíìtì, kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú. Orí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ dúró lé. Lẹ́tà tó bá kún fún "ẹranko" àti "aláìlójútì" máa ń di ẹ̀rí lòdì sí ẹni tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ lè ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀ bí ẹbí. Kò burú kí ẹ gbọ́ wọn tán, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ìpinnu náà wà ní kíkọ, kí ó sọ ohun tí ẹni náà jẹ́wọ́ àti ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá tún dán an wò. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí ohun tí ẹ sọ bá sọnù níbẹ̀, ẹ fi bíírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Tí ọjọ́ bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí kan, ẹyọ kan péré, kí ẹ sì lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn.

Nígbà mìíràn, kúẹ́rì, ìyẹn lẹ́tà tó ní kí ẹ wá wí tẹnu yín, ni èsì máa jẹ́: pé ẹ pẹ́ dé, pé iṣẹ́ yín kò dára mọ́. Ó dunni, ó sì wọ́pọ̀. Ẹ dá a lóhùn ní kíkọ kí àkókò tí wọ́n fún yín tó pé, pẹ̀lú òtítọ́ àti ẹ̀rí, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé kí ẹ tó mú ẹ̀sùn wá, ẹ kò gba kúẹ́rì rí (tó bá jẹ́ òótọ́). VAPP sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ lé ẹni tó mú ẹ̀sùn ìwà ipá wá, wọn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀sùn náà.

5. Kóòtù òṣìṣẹ́

National Industrial Court ni ẹjọ́ ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́ ń lọ. Ó ní ẹ̀ka ní Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn. Láti ìgbà àtúnṣe kẹta sí Ìwé Òfin ní 2010, òun nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Agbẹjọ́rò tí kò ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lè gbé yín lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á ní kóòtù náà kò láṣẹ, owó àti àkókò yín á sì ti lọ. Ẹ bi lọ́yà yín nípa èyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́yà á kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣàtúnṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹjọ́ púpọ̀ ń parí síbẹ̀. Tí kò bá parí, ohun tí ẹ máa kó lọ sí kóòtù ni ìwé ìpẹ̀jọ́, àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tí ẹ búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ ní. Ẹ pe ilé iṣẹ́ àti ẹni tó yọ yín lẹ́nu pọ̀. Ilé iṣẹ́ ló ní ojúṣe láti dáàbò bò yín, òun náà ló sì sábà ń ní owó tí wọ́n lè san. Tí ẹ bá pe ẹlẹgbẹ́ yín nìkan, ẹ lè jàre kí ẹ má rí kọ́bọ̀ gbà.

Kóòtù yìí kò béèrè ẹ̀rí tó dá lójú bíi ti kóòtù ọ̀daràn. Ohun tó ń wò ni ti ta ló jọ òótọ́ jù. Ní oṣù Kejìlá 2013, ó dá obìnrin kan láre ní Èkó, ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ lẹ́yìn tó kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 13 náírà fún un. Kóòtù náà tún ní ibùdó ìlàjà tirẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí láìsí ariwo.

Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ fi oṣù 3 sọ́kàn. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ ṣe é láàárín oṣù 3. Kóòtù tó ga jù lọ ti sọ ní 2019 pé kò kan àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà ìjọba ṣì ń gbé e dìde, kì í sì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ìyọlẹ́nu ló dúró lórí àdéhùn iṣẹ́. Ẹ pẹjọ́ kí oṣù 3 tó pé, kí àríyànjiyàn náà má tilẹ̀ wáyé.

6. Ọlọ́pàá

Tó bá ti kan ìfipábánilòpọ̀, lílù, tàbí ìhalẹ̀mọ́ni pé òun á pa yín, ẹ má dúró de HR. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Fún ìfipábánilòpọ̀, ilé ìwòsàn ló ṣáájú. Ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ; ẹ kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú kí ó rin, ẹ̀rí á sì bàjẹ́. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọlé kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe yá sí ló ṣe dára sí. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà fún èyí, wọn kì í sì í gba owó.

Fún ìyókù, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn ẹ̀dà méjì sí DPO (ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá), kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, ẹ kà á látòkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba orúkọ àti nọ́ńbà IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà. Kò sí owó fún fífi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Tí fáìlì náà bá jókòó síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá; ní Èkó, ẹ gbé ẹ̀dà lọ sí DSVA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú ẹjọ́ yìí, wọ́n á bá yín tẹ̀ lé e. Níbi tí VAPP bá ti wà, ẹ lè ní kí kóòtù fún yín ní àṣẹ ààbò tó máa ka sísún mọ́ yín léèwọ̀ fún ẹni náà.

Ẹni tó bá ń fi àwòrán ìhòòhò tàbí ìhalẹ̀mọ́ni ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù ti wọ abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. A mọ̀ bí ó ṣe ń ká ènìyàn lára, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé jáde.

7. Tí kò bá sí owó lọ́yà

Legal Aid Council ń gbé lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Ìpínlẹ̀ Èkó ní Office of the Public Defender. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ń ran obìnrin lọ́wọ́, National Human Rights Commission sì ń gba ẹ̀sùn láìgba owó. Tí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ lọ bá akọ̀wé wọn. Owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ló ń sanwó fún irú èyí.

Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin ìsanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti 2010, kan ìdààmú ọpọlọ tí ohun òjijì tó bani lẹ́rù lẹ́nu iṣẹ́ fà, tí dókítà bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yìí, ló ń san án. Ẹ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, òun náà sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF. Ẹ̀yin ní ọdún 1 láti béèrè owó náà.

8. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn

Tí ara yín kò bá gbà á mọ́, tí ẹ sì fẹ́ lọ, ẹ má kọ "fún ìdí ti ara mi" sínú ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn ti pa ẹjọ́ púpọ̀. Kóòtù òṣìṣẹ́ gbà pé ẹni tí wọ́n fi ìyà lé kúrò kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n lé, àmọ́ ìwé tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́: "Mo ń lọ nítorí pé ẹ kò ṣe nǹkan kan nípa ẹ̀sùn mi ti 14 oṣù Kẹta àti ìránnilétí mi ti 28, ibi iṣẹ́ náà kò sì ṣeé dúró sí fún mi mọ́." Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló fẹ́ san owó kí ọ̀rọ̀ parí, ẹ wo ohun mẹ́ta nínú ìwé náà: ọjọ́ tí owó máa wọlé, irú lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọ́n máa kọ fún yín sí ibi iṣẹ́ tuntun, àti gbólóhùn tó ní kí ẹ dákẹ́. Kò burú kí ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ iye owó náà fún ẹnikẹ́ni. Tí ó bá ní ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá mọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Gbígba owó láti bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni òfin Èkó pe ìyọlẹ́nu tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò, kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, kí ẹ tó mú bíírò.